Asọ̀rọ̀mágbèsì Ti Gbèsì

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn baba wa gbọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ tí ó bá ìwà rẹ̀ mu. Wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kò sì dúró gbọ́ ohun tí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ fẹ́ wí. O lè yìn ín, o lè bú u, o lè pariwo mọ́ ọn títí ohùn rẹ yóò fi há. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni yóò máa bá lọ. Orúkọ náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn wà nínú rẹ̀. Láàárín wa, ẹni tí ó bá ń dá sọ̀rọ̀ tí kò gba èsì, bí kò bá jẹ́ aṣiwèrè, a jẹ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Eré kan tí a ń fi etí gbọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, eré tí àwọn tí ó ń gbọ́ ọ kò gbà kí ó jẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì fún wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Doctor Who ni orúkọ rẹ̀, iléeṣẹ́ Big Finish ni ó sì ti ń gbé e jáde láti ọdún 1999. Kì í ṣe eré náà nìkan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, bí kò ṣe bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ṣe gbà á, pàápàá bí wọ́n ṣe gba òṣèré kan tí ń jẹ́ Colin Baker. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ariwo lásán ni ọ̀rọ̀ àwọn olólùfẹ́ eré: bí wọ́n bá fẹ́ràn nǹkan, wọn a gbé e gẹ̀gẹ̀; bí wọ́n bá kórìíra rẹ̀, wọn a fi bú ìyá ẹni tí ó ṣe é. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fi hàn pé ohun tí wọ́n ṣe fún Colin Baker jẹ́ lámèyítọ́ tòótọ́, irú èyí tí àwa tí a ń pe ara wa ní alámèyítọ́ kì í sábà lè ṣe.

Fún àǹfààní ẹni tí kò mọ eré náà, n ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé díẹ̀. Ìtàn àròsọ ajẹmọ́-sáyẹ́ǹsì ni Doctor Who. Ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1963 ni BBC kọ́kọ́ fi í hàn lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Arìnrìn-àjò kan ni olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ayé tiwa yìí. Dókítà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọkọ̀ rẹ̀ rí bí àpótí búlúù tí àwọn ará ìlú fi ń ké sí ọlọ́pàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìjọ́sí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tóbi ju òde rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ yìí lè gbé e lọ sí àná, ó lè gbé e lọ sí ọ̀túnla, ó sì lè gbé e dé ayé mìíràn láàárín àwọn ìràwọ̀. Bí ikú bá kan Dókítà, kì í kú pátápátá. Yóò pa ara dà. Ojú tuntun, ohùn tuntun àti ìwà tuntun ni yóò fi dìde. Ọdún 1966 ni wọ́n dá ọgbọ́n yìí, nígbà tí ara William Hartnell tí ó jẹ́ Dókítà àkọ́kọ́ kò le mọ́, tí wọ́n sì fi Patrick Troughton rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti di pé olúkúlùkù olólùfẹ́ eré yìí ní Dókítà tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí olúkúlùkù ọmọ ìlú ti ń rántí ọba tí ó wà lórí oyè nígbà tí òun gbọ́njú.

Etí àwọn olólùfẹ́ wọ̀nyí ti là tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1960 sí 1970, BBC a máa pa àwòrán eré tí wọ́n ti fi hàn rẹ́, nítorí wọn kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò tún béèrè rẹ̀. Nínú àwọn ìpín Doctor Who tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1960, èyí tí ó lé ní 90 ni àwòrán wọn sọnù tí a kò tíì rí. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tí ohùn rẹ̀ sọnù. Kí ni ó fà á? Àwọn kan wà nínú ilé wọn tí wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ka iwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, tí wọ́n sì gba ohùn eré náà sílẹ̀ bí ó ti ń lọ. Kò sí ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó sanwó fún wọn. Àwọn àgbà a máa sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n níbi tí a ń sọ yìí, ohun tí ojú ti pàdánù ni etí ti bá a tọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí Colin Baker. Ní oṣù kẹta ọdún 1984, eré méjì tẹ̀ lé ara wọn lórí amóhùnmáwòrán. Èkíní ni The Caves of Androzani, níbi tí Peter Davison, Dókítà karùn-ún, ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ kí Peri, ọmọbìnrin tí ó ń bá a rìn, má baà kú. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn náà tí èkejì fi dé, The Twin Dilemma, tí ó jẹ́ eré àkọ́kọ́ tí Colin Baker ṣe olórí rẹ̀. Dókítà kẹfà dìde, ó ń gbéra ga, ó ń fi ènìyàn ṣẹ̀sín, orí rẹ̀ sì dàrú. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti fún Peri lọ́rùn. Peri yìí kan náà ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nítorí rẹ̀! Àwọn tí ó ṣe eré náà rò pé àwọn ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín Dókítà àná àti Dókítà òní. Wọ́n gbàgbé pé ẹni tí ó ń wòran kò tíì fẹ́ràn àlejò náà tó èyí tí yóò fi lè forí jì í.

Ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ fún un tún wá dá kún un. Àwọ̀ tí ó wà lára ẹ̀wù náà kò lóǹkà, kò sì sí èyí tí ó bá èkejì rẹ̀ rẹ́. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. A kí aṣọ náà títí ilẹ̀ fi ṣú, a kò sì ráyè kí ọkùnrin tí ó wà nínú rẹ̀. N kò yọ ara mi sílẹ̀. Mo wà lára àwọn tí kò gba ti Dókítà kẹfà. Bí mo bá ti rí ẹ̀wù yẹn, mo ti parí ìdájọ́ mi.

Ní ọdún 1985, BBC dá eré náà dúró fún oṣù 18. Ní àkókò ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Radio 4 gbé eré kúkurú kan tí ń jẹ́ Slipback sáfẹ́fẹ́, tí Colin Baker fi ohùn ṣe Dókítà nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni etí kọ́kọ́ gbọ́ ọ láìsí pé ojú rí ẹ̀wù náà, ṣùgbọ́n eré náà kò wúwo tó láti tún ìwà Dókítà yìí ṣe. Ní ọdún 1986 wọ́n padà sórí amóhùnmáwòrán pẹ̀lú ìtàn gígùn kan tí ó ní ìpín 14. Nígbà tí ó parí, wọ́n ní kí Colin Baker máa lọ sílé rẹ̀. Ó kọ̀ láti padà wá ṣe eré ìdágbére. Nítorí náà, nígbà tí sáà ọdún 1987 bẹ̀rẹ̀, Sylvester McCoy tí ó fẹ́ rọ́pò rẹ̀ ni wọ́n dé irun àtọwọ́dá lé lórí, tí ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ nínú ọkọ̀. Wọ́n yí i padà, Dókítà kan sì ti di òmíràn. Kò sí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, kò sì sí ẹni tí ó sunkún. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 1989, eré náà pàápàá kógbá sílé.

Nígbà tí amóhùnmáwòrán pa ẹnu rẹ̀ dé, àwọn olólùfẹ́ kò pa tiwọn dé. Kódà, kí eré náà tó kógbá sílé ni àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń ṣe Doctor Who tiwọn sórí kásẹ́ẹ̀tì ní àwọn ọdún 1980, tí wọ́n pe àkójọ rẹ̀ ní Audio Visuals. Nicholas Briggs, ọ̀kan nínú wọn, ni ó ń ṣe Dókítà. Nígbà tí Big Finish gba àṣẹ láti ṣe eré yìí fún etí, Briggs yìí ni ó kọ eré àkọ́kọ́, tí ó sì darí rẹ̀. Gary Russell, tí ó ti fìgbà kan jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Doctor Who Magazine, ni ó ṣe olóòtú àwọn eré náà. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: àwọn tí ó ti ń jókòó wòran tí wọ́n sì ń ráhùn ni wọ́n dìde tí wọ́n bọ́ sójú agbo.

Oṣù keje ọdún 1999 ni eré àkọ́kọ́ yẹn, The Sirens of Time, jáde lórí sídì àti kásẹ́ẹ̀tì. Davison, Baker àti McCoy ni ó wà nínú rẹ̀. Olúkúlùkù wọn dá ìpín kan ṣe, wọ́n sì pàdé ní ìpín kẹrin. Bí mo bá gbé ìfẹ́ tì sí ẹ̀gbẹ́ kan, eré náà kò ta yọ. Ìtàn rẹ̀ lọ́jú pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì ní àléébù tí a máa ń bá nínú eré etí níbi gbogbo: ẹ̀dá-ìtàn a máa ka ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ fún ẹlòmíràn tí òun náà ń wò ó. Nínú ayé tòótọ́, kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Wo ìbọn tí ọkùnrin yẹn mú lọ́wọ́, ó kọ ojú rẹ̀ sí wa!" Yóò kígbe, yóò sì sá ni. Àwọn olùgbọ́ rí àléébù náà, wọ́n sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Wọ́n gbọ́ pé ohùn Colin Baker dùn. Ohùn tí ó kún ni, tí ó ní ìjìnlẹ̀. Ó lè bú ramúramù bí ti kìnnìún, ó sì lè rọlẹ̀ wọ̀ọ̀ kí a tó mọ̀. Ohùn yìí ti wà níbẹ̀ ní ọdún 1984. Ẹ̀wù ni kò jẹ́ kí a gbọ́ ọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, a ó kàn sọ pé etí mọ ẹjọ́ dá ju ojú lọ, a ó sì máa lọ. Kò parí síbẹ̀. Ohùn dídùn nìkan kò lè wẹ ẹni tí ó fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2000 ni The Marian Conspiracy jáde, tí Jacqueline Rayner kọ. Nínú eré náà, Dókítà kẹfà wọ yàrá ìkàwé yunifásítì kan níbi tí obìnrin olùkọ́ ìtàn kan ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́. Evelyn Smythe ni orúkọ rẹ̀. Maggie Stables, tí ó di olóògbé ní ọdún 2014, ni ó ṣe é. Evelyn ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ó fẹ́ràn kéèkì ṣokoléètì, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó máa ń bá Dókítà rìn lórí amóhùnmáwòrán, ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìbéèrè ni wọ́n máa ń bi í, òun a sì máa dáhùn. Evelyn kì í ṣe irú wọn. Nígbà tí àwọn méjèèjì dé ayé ọba obìnrin Mary Kìíní ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Dókítà kì í ṣe olùkọ́ fún un, nítorí pé ìtàn ayé náà ni ó fi ń jẹun.

Ẹ kíyè sí ohun tí òǹkọ̀wé yìí ṣe. Kò sọ Dókítà kẹfà di ẹlòmíràn. Ìgbéraga rẹ̀ ṣì wà, ọ̀rọ̀ gàgàrà ṣì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ṣì gbà pé kò sí ẹni tí ó gbọ́n tó òun nínú yàrá èyíkéyìí tí òun bá wọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀: ẹni tí yóò fún un lésì ti dé. Bí ó bá fọ́nnu, Evelyn a rẹ́rìn-ín. Bí ó bá kanra, Evelyn a bá a wí bí ẹ̀gbọ́n ti ń bá àbúrò wí. Nígbà tí a bá sì ti rí ẹni tí ó lè dá onígbéraga lóhùn, ìgbéraga rẹ̀ kì í bà wá lẹ́rù mọ́. A máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Lórí amóhùnmáwòrán, asọ̀rọ̀mágbèsì ni Dókítà kẹfà fúnra rẹ̀. Peri ń sunkún, Peri ń ráhùn, ṣùgbọ́n wọn kò fún Peri ní ọ̀rọ̀ tí ó lè fi bá a dọ́gba. Eré tí a ń fi etí gbọ́ ni ó fi èsì sí i lẹ́nu ọ̀nà.

Èsì àwọn olùgbọ́ náà kò pẹ́ kí ó tó dé. Ní ọdún 2001, nígbà tí àwọn òǹkàwé Doctor Who Magazine dìbò, Colin Baker ni wọ́n yàn ṣe Dókítà tí ó dára jù nínú àwọn eré etí. Ẹni tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1986 ni ó wá gba ipò kìíní. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ́ńbẹ́lú àwọn olólùfẹ́ eré lè sọ pé àánú ló ṣe wọ́n, tàbí pé ọkàn wọn ni ó fà sí ìgbà èwe wọn. Bí ó bá jẹ́ àánú ni, tàbí bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti gbàgbé ni, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kì bá tí ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún 2009, ìwé ìròyìn yìí kan náà ní kí àwọn òǹkàwé rẹ̀ to gbogbo eré Doctor Who orí amóhùnmáwòrán ní ipò, láti orí èyí tí ó dára jù dé orí èyí tí ó burú jù. Eré 200 ni. The Caves of Androzani ni ó ṣe ipò kìíní. The Twin Dilemma ni ó ṣe ipò 200. Eré méjì tí ọ̀sẹ̀ kan péré là láàárín ni ọ̀kan bọ́ sórí òkè téńté, tí èkejì bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá! Ní ọdún 2014 wọ́n tún ìdìbò náà ṣe, eré ti di 241 nígbà yẹn. The Twin Dilemma náà ni ó tún gbẹ́yìn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà. Agbo kan náà tí ó fi Colin Baker ṣe ẹni àkọ́kọ́ ni ó ń fi eré àkọ́kọ́ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Wọn kò gbàgbé àṣìṣe náà, wọn kò sì purọ́ pé kò burú tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò jẹ́ kí àṣìṣe náà di orúkọ ọkùnrin náà. Wọ́n ya òṣèré kúrò lára ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún un, wọ́n ya ènìyàn kúrò lára ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ fún un, wọ́n sì dá ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́jọ́ lọ́tọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a fi tọ̀tún fà á mọ́ra. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ òwe náà. Àwọn tí ó lè lo ọwọ́ méjèèjì pọ̀ ni kò wọ́pọ̀. Èmi tí mo ti parí ìdájọ́ mi nítorí ẹ̀wù, ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo ní.

Ẹni tí ó bá ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń sun ìjálá yóò mọ ìwà yìí. Bí ọdẹ kan bá ń sun ìjálá lọ́wọ́, tí ó wá gbé oríkì ìran kan fún ìran mìíràn, ògbólógbòó onísun tí ó wà ní ìjókòó kò ní máa wò ó níran. Yóò dá a dúró, yóò sì tọ́ ọ sọ́nà. Ẹni tí wọ́n tọ́ sọ́nà náà lè fèsì pé bí òun ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá òun nìyẹn. Àtakò báyìí kì í ba eré jẹ́, nítorí pé ara eré ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ìjálá kò ní mọ ibi tí àṣìṣe wà, kò sì ní dìde. Àwọn olùgbọ́ Big Finish ń ṣe irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Ó wá jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn ni wọ́n tún ń bọ́ sójú agbo.

N kò ní fi ewu tí ó wà nínú rẹ̀ pamọ́. Eré tí olólùfẹ́ ń ṣe fún olólùfẹ́ lè di ọ̀rọ̀ inú ilé tí àlejò kò lè gbọ́. Eré tí Big Finish ń gbé jáde lóṣooṣù dé 275 kí wọ́n tó fi òpin sí ọ̀wọ́ náà ní oṣù kẹta ọdún 2021. Ta ni yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán? Àwọn eré kan wà nínú wọn tí kò ní ìtumọ̀ fún ẹni tí kò bá rántí ohun tí ẹnìkan sọ nínú eré mìíràn ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ewu kejì ni pé olólùfẹ́ a máa fẹ́ kí wọ́n tún ohun tí ó dùn ún ṣe, kí wọ́n sì máa tún un ṣe títí. Ìwòsàn dára, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kọ́ ni ilé eré.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, Big Finish gbé The Last Adventure jáde, láti fún Dókítà kẹfà ní ikú tí amóhùnmáwòrán kò fún un. Kí n tó gbọ́ ọ, ẹ̀rù bà mí pé ẹkún àbẹ̀bẹ̀ ni yóò jẹ́. Ìpín mẹ́rin ni. Mo sì lè sọ pé kò gbogbo rẹ̀ ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpín ìkẹyìn, tí Briggs kọ, borí ìbẹ̀rù mi. Wọn kò pa Dókítà náà bí ẹni tí ó yọ̀ ṣubú nínú ọkọ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó yan ikú, kí apá ibi tí ó wà nínú òun alára má baà jogún ayé. Ẹ̀san fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1984 wà nínú ikú yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀: ọkùnrin tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ọrùn aláìlágbára ni ó wá fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ ìkà. Ohun tí àwọn olùgbọ́ ń béèrè ni wọ́n fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n fún wọn ní ọ̀nà tí ó béèrè nǹkan lọ́wọ́ olùgbọ́ náà.

Àwọn tí ó ni amóhùnmáwòrán pàápàá gbọ́ èsì yìí. Ní ọdún 2003, Robert Shearman kọ Jubilee fún Colin Baker àti Maggie Stables, níbi tí Evelyn ti jókòó ti Dalek kan ṣoṣo tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n, tí ó sì bá a sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Nígbà tí Doctor Who padà sórí amóhùnmáwòrán ní ọdún 2005, inú eré etí yẹn ni Shearman ti fa eré Dalek yọ, Briggs sì ni ó fi ohùn rẹ̀ fún Dalek náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, Paul McGann, Dókítà kẹjọ, padà sójú àwòrán fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú The Night of the Doctor. Kí ó tó kú, ó dárúkọ àwọn tí ó bá a rìn nínú eré etí lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí ojú kò rí rí ni ó jáde lẹ́nu rẹ̀, àwọn tí ó ti ń fi etí ṣọ́ eré náà nìkan ni ó sì mọ ìwọ̀n ohun tí ó wà nínú wọn.

Ìdánwò mìíràn tún dé ní oṣù karùn-ún ọdún 2021. Christopher Eccleston, tí ó ṣe Dókítà fún sáà kan ṣoṣo ní ọdún 2005, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti gbà pé kò ní padà mọ́, gbé Ravagers jáde pẹ̀lú Big Finish. Ayọ̀ àwọn olùgbọ́ kò ṣe é fẹnu sọ. Ìgbà tí ayọ̀ bá sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni lámèyítọ́ a máa sùn lọ. Mo tẹ́tí sí wọn láti mọ̀ bóyá ìfẹ́ yóò pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Kò pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Wọ́n yin ohùn Eccleston, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó wọ ipò náà bí ẹni tí kò kúrò níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn, tí inú wọn dùn gan-an, tún sọ pé ìtàn náà lọ́ pọ̀, pé ó ń fi àkókò síwá sẹ́yìn títí tí olùgbọ́ fi ṣìnà. Mo gbọ́ eré náà, mo sì gbà pẹ̀lú wọn lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì. Kò rọrùn láti sọ fún ẹni tí a ti ń retí fún ọdún 16 pé ẹ káàbọ̀, kí a sì tún sọ fún un nínú mímí kan náà pé ọbẹ̀ tí ẹ gbé wá kò jinná tó.

Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn wà nínú agbo olólùfẹ́ tí èébú ni iṣẹ́ wọn, tí ó máa ń bá òṣèré jà bí ẹni pé ó jẹ wọ́n lówó. Wọn kò ṣe é gbàgbé, wọn kò sì ṣe é yìn. Ṣùgbọ́n a kì í torí èpò sọ pé oko kò sí. Láti ara The Twin Dilemma dé ara Ravagers, ohun tí mo rí ni àwọn ènìyàn tí wọ́n ń gbọ́ nǹkan ní àgbọ́tán, tí wọ́n ń rántí ohun tí wọ́n gbọ́, tí ohun tí wọ́n rántí kò sì dí wọn lọ́wọ́ láti tún gbọ́ nǹkan mìíràn. Àwa tí a máa ń gbé ìwé tuntun tàbí eré tuntun yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, tí a kọ èrò wa sílẹ̀, tí a sì kọjá lọ, a kì í padà lọ wò ó bóyá ẹni tí a dá lẹ́bi ti rí ẹni tí yóò kọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ẹnu rẹ̀ fún un.

Colin Baker wà láàyè tí ó fi gbọ́ ìdájọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ òṣèré ni kò gbọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí mo bá sì ti rántí ẹ̀wù yẹn báyìí, ohun tí mo máa ń ṣe ni pé n ó pa ojú mi dé, n ó sì dúró kí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀.